Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Tẹ Magasíìnì àti Ẹ̀bùn Tiwa Fúnra Wa

Àwọn ayàwòrán, ayafọ́tò àti òǹkọ̀wé máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí lemọ́lemọ́, ní Ìbàdàn àti ní Èkó, nípa títẹ magasíìnì àti ẹ̀bùn bí ife, káàdì àti àpò. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà fi owó kọ́ ohun tí èmi ti fi owó kọ́.

Ta ló yẹ kó tẹ magasíìnì fúnra rẹ̀?

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ni. Bí ẹ bá ní fọ́tò ogún tó dáńtọ́, tàbí àwòrán àti ìtàn tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún, ẹ ti ní magasíìnì. Kò dìgbà tí ẹ bá ní ọ́fíìsì àti òṣìṣẹ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé orúkọ magasíìnì nìkan lẹ ní, tí ẹ ń retí pé iṣẹ́ inú rẹ̀ á máa bọ̀, ẹ má tíì lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.

Ṣé dandan ni kí n ní ilé iṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀?

Láti tẹ ìwé, rárá. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ ńlá bá fẹ́ ra ojú ìwé kan fún ìpolówó, wọn kì í fẹ́ sanwó sínú àpò ẹnì kan. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ ni wọ́n máa béèrè. Ẹ forúkọ okòwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ìyẹn Corporate Affairs Commission ti ìjọba, ẹ fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣí àkáǹtì. Ìyẹn tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀dà mélòó ni kí n kọ́kọ́ tẹ̀?

Ẹ mú bíro, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó máa yọ owó rà á. Ẹ má ka àwọn tó máa ń kí yín kú iṣẹ́ lásán. Bí orúkọ yẹn bá tó ọgọ́rin, ẹ tẹ 150. Bí ó bá tó 150, ẹ tẹ 300.

Atẹ̀wé á sọ fún yín pé bí ẹ bá tẹ 1,000, iye tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan máa ná yín á wálẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó tó wálẹ̀ lórí ìwé tí a kò tà, inú páálí ló wà. Mo ti bá páálí ìwé pín yàrá fún ọdún méjì gbáko, ọ̀rinrin sì wọ àwọn tó wà nísàlẹ̀ títí èèpo wọn fi ká kò. Láti ìgbà náà, ẹ̀dà tí mo bá mọ ẹni tó máa gbà á ni mo ń tẹ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín DI àti offset?

DI ni àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ń pe ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé tààrà láti inú kọ̀ǹpútà. Kò lo pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ohun tí a fẹ́ tẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́wàá ṣeé tẹ̀ níbẹ̀, àádọ́ta náà ṣeé tẹ̀, iye owó ojú ìwé kan kì í sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó dára fún iṣẹ́ kékeré.

Offset ló ń lo pléètì. Ẹ jẹ́ ká wo magasíìnì A4 olójú ìwé 32. Lórí ẹ̀rọ Kord 64, bébà kan gba ojú ìwé A4 mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Ìwé kan á gba bébà mẹ́rin, ìyẹn ojú mẹ́jọ. Ojú kọ̀ọ̀kan nílò pléètì mẹ́rin fún àwọ̀ mẹ́rin: cyan, magenta, yellow àti dúdú. Pléètì 32 nìyẹn, ká tó tẹ ẹyọ kan, èèpo ìwé kò sì sí nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí 100 ẹ̀dà fi máa ń wọ́n ní offset, tí 1,000 sì máa ń dẹrùn. Láàárín 200 sí 400, ẹ gba iye owó méjèèjì kí ẹ tó pinnu.

Kí ló dé tí atẹ̀wé fi ní ojú ìwé mi kò pé?

Nítorí pé bébà tí a ká sí méjì tí a sì fi wáyà ran láàárín ń fúnni ní ojú ìwé mẹ́rin. Ojú ìwé yín gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin: 28, 32, 36, 40. Kò sí 34. Bí ojú ìwé méjì bá ṣẹ́kù, ẹ fi fọ́tò ńlá kan kún un. Ẹ má fún ọ̀rọ̀ pọ̀ títí ìwé á fi há mọ́ òǹkàwé lójú.

Bébà wo ni kí n lò?

Fún fọ́tò, 130 gsm fún inú ìwé àti 250 tàbí 300 gsm fún èèpo. Gsm ni ìwọ̀n bébà: bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni bébà ṣe wúwo tó. Fún ìtàn àti ewì, ẹ lo bond 80 gsm. Kì í dán lójú, ẹni tó bá fẹ́ fi bíro kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewì náà lè kọ ọ́.

Ẹ má fi ẹnu nìkan gbà. Ẹ ní kí atẹ̀wé fún yín ní bébà náà gan-an, kí ẹ fi ọwọ́ pa á, kí ẹ ya díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sílé. Ẹnì kan ti bá mi ṣe àdéhùn 130 rí, tó sì fi 100 tẹ̀ ẹ́. Bí a bá gbé ojú ìwé sókè sí ìmọ́lẹ̀, fọ́tò ẹ̀yìn ń hàn síwájú. N kò tọ́jú bébà kankan tí mo lè fi bá a jiyàn. Àtìgbà náà ni mo ti ń ya bébà sọ́wọ́.

Báwo ni àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà mi kò ṣe ní já sọ́nà?

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí náà màá sọ ọ́ kíkún. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. À àti é náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn: ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń gbé àmì gun orí lẹ́tà tó ti ní ẹ̀ka nísàlẹ̀. Bí fọ́ǹtì tí ẹ lò kò bá mọ ibi tó yẹ kí àmì náà jókòó sí, ó lè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè di àpótí òfìfo, ó sì lè pòórá pátápátá.

Ẹ lo fọ́ǹtì tó gbọ́ Yorùbá. Noto Serif àti Noto Sans ti Google, Gentium àti Charis ti SIL, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Kí ẹ tó ra fọ́ǹtì olówó ńlá, ẹ kọ “ọ̀ṣọ́ ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀gbọ́n” sí i ní lẹ́tà kékeré àti lẹ́tà ńlá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ má gbé fáìlì CorelDRAW tó ṣí sílẹ̀ fún atẹ̀wé. Bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò bá ní fọ́ǹtì yín, á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìbi yín. PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ fún un, tàbí kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà di curves, ìyẹn àwòrán tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́.

Ọ̀rọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú kan ṣoṣo, ìyẹn K 100 (K ni dúdú nínú àwọ̀ mẹ́rin náà). Bí ẹ bá fi àwọ̀ mẹ́rin po dúdú, tí bébà sì yẹ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, lẹ́tà ńlá lè fara dà á, ṣùgbọ́n àmì kékeré orí ọ̀ á di méjì, òǹkàwé kò sì ní mọ̀ bóyá òkè ni àbí ìsàlẹ̀.

Ní ọdún kan, mo gba iṣẹ́ ife ọgọ́ta fún àjọ̀dún ìgbéyàwó. “Ọkọ mi ọ̀wọ́n” ni ìyàwó ilé náà ní kí a kọ sí i. Ife dé ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú òde, mo tú ọ̀kan nínú ìwé tí wọ́n fi wé e, mo rí “Oko mi owon”. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ti lọ, àmì òkè ti lọ, ọkọ ti di oko. A kò pín ẹyọ kan. Èmi ni mo san owó rẹ̀, torí pé n kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan fún mi wò.

Fọ́tò mi mọ́lẹ̀ lórí fóònù. Kí ló dé tó ṣókùnkùn lórí ìwé?

Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ṣe àwọ̀, íńkì ni ìwé fi ń ṣe é. Ẹ yí fọ́tò sí CMYK, ìyẹn àwọ̀ mẹ́rin ìtẹ̀wé, lórí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó gbé e lọ, kí ẹ lè fojú ara yín rí ibi tó ti ń kú. Fọ́tò èèyàn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa nílò àmójútó: ẹ mú ìmọ́lẹ̀ ojú àti ọrùn gòkè díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo rẹ̀ á di òjìji kan náà. Kí fọ́tò náà tó 300 dpi, ìyẹn ẹ̀kán 300 nínú ínṣì kan, ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti dín kù. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document, tàbí kí wọ́n fi ímeèlì.

Ṣé kí n san gbogbo owó fún atẹ̀wé ṣáájú?

Rárá. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè owó bébà àti pléètì, torí òun náà máa rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ san ìyẹn. Kí ìyókù dúró di ìgbà tí ẹ bá ti ka iye ẹ̀dà tó wà níbẹ̀, tí ẹ sì ti ṣí mẹ́wàá láti inú páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀, ó kéré tán kí ó wà lórí WhatsApp: ìwọ̀n ìwé, irú bébà, iye ẹ̀dà, ọjọ́ tó máa parí, iye owó.

Ṣé dandan ni kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá lè rìn dé ibẹ̀. Ẹ mú fọ́tò tí ẹ tẹ̀ dáadáa dání, kí ẹ ní ohun tí ẹ ó fi wé tiwọn. Bébà àkọ́kọ́ tó jáde kì í dára. Ẹ̀gbọ́n tó ń wo ẹ̀rọ á mú un, á fi gíláàsì kékeré wo àmì àgbélébùú tó wà létí bébà, á rí i pé magenta ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí cyan, á yí nǹkan kan, á tún tẹ mìíràn. Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Nígbà tó bá tó bí ogún bébà, ẹ sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbé ọ̀kan jáde síta.” Ìmọ́lẹ̀ iná inú ilé ìtẹ̀wé ń tan ojú jẹ. Oòrùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fọwọ́ sí bébà kan, kí ẹ fi lé e lọ́wọ́. Ìyẹn ló máa fi máa wo èyí tó kù. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ sì ra omi tútù fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ń dúró látàárọ̀.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Láti oṣù kẹwàá títí dé òpin ọdún, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìjọ ti gba gbogbo ẹ̀rọ ní Ṣómólú, Muṣin àti Mọ́kọ́lá. Bí ìdìbò bá ń bọ̀, posítà ló kàn. Bí kàlẹ́ńdà bá wà lára ẹ̀bùn tí ẹ fẹ́ tà, ẹ gbé e lọ ní oṣù kẹjọ.

Àkókò òjò náà ní tirẹ̀. Bébà máa ń fa ọ̀rinrin, á wú díẹ̀, àwọ̀ kò ní jókòó síbi kan náà mọ́, íńkì á sì pẹ́ kó tó gbẹ. Ẹ fi ọjọ́ méjì kún àkókò tí wọ́n bá dá fún yín, kí wọ́n má baà fi lamination lé íńkì tútù lórí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí mo máa tà á?

Ẹ kó gbogbo owó jọ: bébà, pléètì, títẹ̀, lamination, ríran, gígé, ọkọ̀, owó ẹni tó ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pín in sí iye ẹ̀dà tí ẹ máa tà. Ẹ má pín in sí iye tí ẹ tẹ̀. Ká ní ó jẹ́ ₦780,000 fún 300. Ogójì máa lọ fún àwọn tó kọ̀wé sínú rẹ̀, ìyá àti bàbá, àti àwọn tí ẹ kò lè gbowó lọ́wọ́ wọn. 260 ló kù. ₦3,000 ni ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ná yín nìyẹn.

Bí ilé ìtàwé bá máa mú ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹ sì ní kí wọ́n tà á ní ₦5,000, ₦3,000 náà ló máa padà sọ́wọ́ yín. Ẹ kò jèrè kọ́bọ̀. Ní ₦6,500, ₦3,900 ló máa wọlé. Owó iṣẹ́ ọwọ́ yín wà nínú ₦900 yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti gbà á.

Ṣé kí n gba ìpolówó?

Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n kí owó wọlé kí ojú ìwé tó jáde. Ẹ má ta èèpo iwájú fún ẹnikẹ́ni. Ojú ìwé “ẹ kú ọjọ́ ìbí” tí àwọn èèyàn máa ń rà fún olóyè kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ju méjì lọ, iṣẹ́ yín ti di ìwé òde.

ISSN ni mo nílò, àbí ISBN?

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé ni méjèèjì. Ohun tó bá ń jáde léraléra lábẹ́ orúkọ kan náà ń gba ISSN. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀kan náà ni yóò sì wà lórí gbogbo ìtẹ̀jáde yín. ISBN wà fún ìwé tó dá dúró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gba tirẹ̀. Bákóòdù magasíìnì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 977, ti ìwé pẹ̀lú 978. Ní Nàìjíríà, National Library of Nigeria ló ń fúnni ní méjèèjì. Ẹ gbà á kí èèpo ìwé tó dé orí ẹ̀rọ.

Òfin National Library tún ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn láàárín oṣù kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe é. Mo rọ̀ yín, ẹ ṣe é. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ *Ìwé Ìròyìn* ní Abẹ́òkúta fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá. A mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lónìí nítorí pé ẹnì kan tọ́jú rẹ̀. Bí iṣẹ́ yín kò bá sí ní ibi ìpamọ́ kankan, ẹni tó bá wá a ní àádọ́ta ọdún sí i kò ní rí i.

Ẹ̀bùn wo ló bá magasíìnì rìn jù?

Èyí tó jáde láti inú rẹ̀. Fọ́tò tó wà lójú ìwé kejìlá lè di káàdì ìkíni. Àwòrán èèpo lè di àpò aṣọ. Ewì kan lè di bébà tí a fi ń sàmì sójú ìwé. Káàdì àti àmì ojú ìwé wúlò gan-an, nítorí pé etí bébà tí wọ́n máa gé dànù lára èèpo ni a lè fi tẹ̀ wọ́n. Ẹ bi atẹ̀wé bóyá ààyè ṣẹ́kù lórí bébà náà kí ó tó ṣe pléètì.

Lórí ife àti aṣọ: sublimation, ìyẹn fífi ooru gbé àwọ̀ wọ inú nǹkan, ń mú lórí ife tí wọ́n ti fi èròjà kan bò, àti lórí aṣọ polyester funfun. Kì í mú lórí òwú. Fún àpò òwú, ẹ lo screen printing bí àwọ̀ kò bá ju ọ̀kan tàbí méjì lọ, tàbí DTF, ìyẹn títẹ̀ sórí fíìmù kí a tó fi ooru lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, bí ó bá jẹ́ fọ́tò.

Wọ́n ní kí n ṣe ẹ̀bùn òde. Báwo ni mo ṣe máa gba owó?

Gbogbo owó, ṣáájú. Ohun tí ẹ kọ orúkọ olóògbé tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó sí kò ṣeé tà fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹyọ kan tí ẹ tẹ̀ ní tòótọ́, kì í ṣe àwòrán orí fóònù. Ẹ bá wọn ka orúkọ náà sókè pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ọjọ́ òde kì í yẹ̀, nítorí náà kí iṣẹ́ parí ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú.

Ṣé mo lè lo àwòrán àdìrẹ lórí ẹ̀bùn mi?

Àwọn bátànì àtijọ́ bíi Ìbàdàndùn, tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú, àti Olókun, ogún gbogbo wa ni. Ẹ lè tún wọn yà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ya fọ́tò aṣọ tí ìyá kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá lárà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ bi í, ẹ sanwó fún un, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn káàdì bí ó bá gbà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é láìbéèrè. Kò dára.

Mo sanwó fún ayafọ́tò. Ṣé fọ́tò náà ti di tèmi?

Owó nìkan kò sọ ọ́ di tiyín. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tó wà ní Nàìjíríà, Copyright Act 2022, ẹni tó dá iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ín, gbígbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ìwé ojú kan tó: fọ́tò wo, inú magasíìnì nìkan ni àbí lórí ife àti káàdì pẹ̀lú, fún ìgbà wo. Ẹ má gbàgbé ẹni tí wọ́n ya. Ẹni tó gbà kí ojú òun wà nínú ìtàn kan lè má gbà kí ó wà lára àpò ọjà.

Àwọn ará wa ní London fẹ́ rà á. Báwo ni mo ṣe máa fi ránṣẹ́?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n rẹ̀. A4 olójú ìwé 32 lórí 130 gsm pẹ̀lú èèpo 250 jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 160. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà á tó kílò 16, èyí tó wọ báàgì ẹni tó ń rìnrìn àjò. Ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹnì kan ní Peckham, kí ó máa pín in níbẹ̀. Fífi ẹyọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ láti Ìbàdàn lè wọ́n ju ìwé náà lọ.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ gbé PDF sí Lulu tàbí Blurb, àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé orí ayélujára, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹni tó rà á bá sanwó. Èrè kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní kó owó sílẹ̀. Ẹ ra ẹyọ kan fúnra yín ná, kí ẹ fojú wo àmì ohùn.

A ti tẹ̀ ẹ́ tán, mo wá rí àṣìṣe. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ran án. Bí wọn kò bá tíì ran án, bébà kan ṣoṣo tí àṣìṣe náà wà lórí rẹ̀ lẹ máa tún tẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ dúdú nìkan ló sì bàjẹ́, pléètì dúdú nìkan lẹ máa tún ṣe. Mẹ́ta yòókù ṣì wà níbẹ̀ bí atẹ̀wé kò bá tíì dà wọ́n nù. Nítorí náà, ẹ sáré pè é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárò.

Bí wọ́n bá ti ran án, ẹ wo irú àṣìṣe tó jẹ́. Lẹ́tà kan tó yí padà, ẹ fi sílẹ̀. Orúkọ ènìyàn tí a kọ sódì, tàbí fọ́tò tí a fi orúkọ ẹlòmíràn sí nídìí, kò ṣeé fi sílẹ̀. Ẹ tẹ ìwé pélébé kan lórí bébà kan náà, kí ẹ kọ àtúnṣe sí i, kí ẹ fi ọwọ́ fi sínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lójú ìwé náà gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kí ìwé tó dé ọjà, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.